Ìpele Tí Awòfín Fún Màmá Àwẹ̀ró

"Mìlímítà mẹ́sàn-án," ni Awòfín, ẹ̀rọ ìwọ̀n wa, wí. "Jẹjẹrẹ ojú òsì, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Ìpele kìíní."

Mopélọ́lá kígbe ayọ̀ débi pé àwọn tó tò síta sáré yọjú lójú fèrèsé. Ó ju ara rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí àga irin tí a fi ń di orí ènìyàn mú kó má baà mì. "Mo sọ fún yín, Màmá! Mo sọ fún yín pé kò tíì le!"

"Fi mí sílẹ̀ kí n mí," ni Màmá Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ṣé nǹkan ojú mi ò ní pa mí, kí ìwọ wá fún mi lọ́rùn pa?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ síwájú láti tú awọ tó di orí Màmá mú, àtàǹpàkò mi sì fara kan ìpéǹpéjú wọn. Nígbà tí mo gbé e kúrò, àtàǹpàkò náà ti dúdú. Mo wò ó. Mo tún wo ojú Màmá. Níbi tí dúdú náà ti ṣí kúrò, ara ìpéǹpéjú kò rí bí ara ìpéǹpéjú mọ́. Ó nípọn, ó rí bí ọ̀rá tó dì, kò sì sí irun kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

Ẹ̀rín mi gbẹ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ́ awọ̀npele ní Ilé Ìpele Òkè-Ìdáǹdè. Iṣẹ́ mi ni pé kí n gbé ènìyàn sórí àga, kí n jẹ́ kí Awòfín fi ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ní wò ó, kí n sì tẹ òǹtẹ̀ mi sí ohun tí ẹ̀rọ náà bá wí. Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún méjìlélógójì ti kọjá, síbẹ̀ bí mo bá pajú dé níhìn-ín, mo ṣì ń rí oko dígí wa ní òwúrọ̀, àwọn dígí tó ga bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo wọn jọ ń yí ojú tẹ̀lé oòrùn bí àwọn ọmọ iléèwé ti ń yí ojú tẹ̀lé olùkọ́ tí wọ́n bẹ̀rù. Dígí yẹn ló ń fún wa ní iná. Òun ló ń fa omi gòkè. Òun náà ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí wa lábẹ́ fìlà, tó ń jó wa ní ìpéǹpéjú. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Màmá Àwẹ̀ró fi nù wọ́n.

"Ládòkun, ọkọ mi," ni Màmá wí, "ojú rẹ ti yí padà. Kí lo rí?"

"Màmá, ẹ lé tìróò wá."

"Kí n má lé tìróò kẹ̀? Kí n wá síta ní ojú òfìfo, kí àwọn ènìyàn máa bi mí pé ta ló kú?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí a ti ń gbé nìyẹn ní òkè wa. Nígbà tí òkun gbé àwọn ìlú ìsàlẹ̀, kò sí obìnrin tó gun òkè wá tí ènìyàn rẹ̀ kò kú, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí òkú sin. Ọdún kan gbáko ni gbogbo wọn fi rìn ní ojú òfìfo. Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, wọ́n lé tìróò, wọ́n sì búra pé àwọn ò tún ní yọ ọ́ kúrò láìjẹ́ pé ikú tún dé. Obìnrin tó bá ti dàgbà, kì í jáde láìlé tìróò, bí ẹ̀yin náà ò ti ní jáde láìwọ aṣọ. Kò sì sí awọ̀npele kan, ọmọ ìyá ẹni yòówù kó jẹ́, tó jẹ́ ṣí ẹnu sọ fún àgbàlagbà pé kó lọ nu ojú.

Mo fi ìka méjì tẹ iwájú etí Màmá, níbi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀. Kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó le, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo tì í.

"Láti ìgbà wo ni eléyìí ti wà níbí?"

"Èwo? Ìyẹn? Á ti tó ìgbà àgbàdo tó kọjá. Kò dùn mí o."

"Àìdùn rẹ̀ gan-an ni mo ń bẹ̀rù, Màmá. Mo fẹ́ kí a nu tìróò yẹn kúrò, kí n tún un wọ̀n."

Mopélọ́lá ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó fà mí lápá lọ sí ẹ̀yìn Awòfín, ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń mí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Abígbẹ̀yìn Màmá ni, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kọ́ ọ láti ṣe nígbà náà, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nínú òfin wa.

"Bọ̀ọ̀dá Ládòkun, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Ìpele kìíní ló wí. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ yín, kí wọ́n gbé Màmá lọ síbi abẹ kékeré, kí a máa lọ sílé."

"Ibi tí Awòfín bá fi ìlà yí ká nìkan ni abẹ kékeré máa ń gé, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mìlímítà mẹ́sàn-án ló máa gé. Ta ló máa gé ìyókù?"

"Ẹ rí ìyókù kan ni?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa. Ẹ nu tìróò. Ẹ tún un wọ̀n. Kó wá kọjá ogún mìlímítà. Tàbí kó tilẹ̀ má kọjá, kí kókó etí nìkan jẹ́wọ́. Ìpele mélòó nìyẹn?"

"Ìkẹta."

"Ọmọ ọdún mélòó ni Màmá?"

Mo yíjú sí àga.

"Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ ti jẹun nílé wa tó, ẹ mọ ọjọ́ orí wọn."

"Mẹ́tàléláàádọ́rin."

"Obìnrin tó ti kọjá àádọ́rin ọdún, ní ìpele kẹta, kí ni wọ́n ń fún un?" Omi ti gba ojú rẹ̀. "Ọ̀já funfun. Wọn ò ní gé kékeré, wọn ò ní gé ńlá. Oògùn ìrora àti bẹ́ẹ̀dì kan ní Ilé Ìtura, kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó máa retí. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín so ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá tó gbà yín sílé!"

Wọ́n gbà mí sílé lóòótọ́. Ọjọ́ tí mo gun òkè dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ilé mọ́kànlá ni mo kàn kí ilé Màmá Àwẹ̀ró tó kàn. Wọn ò bi mí ní orúkọ. Wọ́n ní, "Wọlé kí ẹ̀fọn tó wọlé."

Lára ògiri, níbi tí a ti ń fi òjìji òpó kan ka àkókò, òjìji náà ti sún mọ́ ìlà pupa. Bí òjìji náà bá kan ìlà, gbogbo dígí á yí kúrò lára Ilé Abẹ, wọ́n á kọjú sí ẹ̀rọ tó ń fa omi, abẹ á sì dákẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí àyè rẹ̀ bá sì bọ́ lónìí, ó di oṣù mẹ́rin kó tó tún kàn án. Mo wo òjìji náà. Ó ku bí ìbú ọwọ́ méjì.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Ṣówándé ti wọlé bá wa. Àwọn ni olórí Ilé Ìpele, ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹrí kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn ló fúnra wọn kó àbáyọrí gbogbo ẹni tí a ti wọ̀n jọ, tí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó ńlá tó wà lókè àga.

"Kí ló dé tí àwọn tó tò síta ò sún? Ládòkun, ìpele kìíní ni mo rí lọ́dọ̀ mi. Kí ni Màmá ń ṣe lórí àga? Màmá, ẹ kú oríire o."

"Oríire wo?" ni Màmá wí. "Àwọn méjì yìí ń jà lé mi lórí bí ẹni ń jà lé eegun ẹran. Ẹ bá mi bi wọ́n, orí mi ṣì wà nínú irin."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka pátákó yín. Ìpele kìíní, ọkùnrin tó ti kọjá àádọ́rin."

Ó yà wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n kà á. "Nínú ẹni mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún."

"Obìnrin tó ti kọjá àádọ́rin, ìpele kìíní kan náà."

"Mẹ́rin."

"Abẹ kan náà?"

"Abẹ kan náà. Ládòkun, kí lo ń wá? Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ara àgbà obìnrin kì í gba abẹ. Ohun tí pátákó wí nìyẹn. Bí abẹ kékeré bá lè ṣe wọ́n báyìí, abẹ ńlá ńkọ́? Ìdí tí òfin fi ní kí a má fi ìrora kún ìrora wọn nìyẹn."

"Ọ̀gá, ta ló ń lé tìróò ní òkè yìí? Ṣé àwọn bàbá ni?"

Mo na àtàǹpàkò mi dúdú sí wọn.

"Awòfín kò mọ tìróò," ni mo wí. "Gbòǹgbò irun ìpéǹpéjú ló ń kà á sí. Ibi tó bá ti pàdé dúdú, ó gbà pé ara tó dá ṣáṣá ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dúró. Ohun tó wà lábẹ́ tìróò, kò rí i. Kókó etí, kì í tilẹ̀ wá a bí ojú bá ti kéré, ìpele kìíní kì í béèrè kókó. Abẹ kọ́ ló já àwọn màmá yẹn kulẹ̀. Àwa la kọ kìíní fún ẹni tó ti wà ní ìkẹta. A gé ẹ̀gbẹ́ àìsàn, a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kú, a ní obìnrin kì í gba abẹ."

Ọ̀gá Ṣówándé wo àtàǹpàkò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fa àpótí kan, wọ́n sì jókòó. N kò rí i rí pé wọ́n jókòó níwájú àwọn tí a ń wọ̀n.

"Mìlímítà mẹ́jọ," ni wọ́n wí.

"Mẹ́sàn-án ni, Ọ̀gá."

"Ìyá mi ni mò ń sọ. Mìlímítà mẹ́jọ. Èmi ni mo wọ̀n wọ́n. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n lé tìróò wá. Mo rántí nítorí pé mo yìn wọ́n. Mo ní, Màmá, ẹ dára bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọdún méjì ni wọ́n lò lẹ́yìn rẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni Mopélọ́lá kúnlẹ̀ níwájú wọn, kì í ṣe kíkúnlẹ̀ ọ̀wọ̀, kíkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni.

"Ọ̀gá, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má fi tèmi tún tiyín ṣe. Bí ẹ bá tún wọn ìyá mi, ẹ̀rọ yẹn ò mọ gbogbo àlàyé yìí. Ọ̀já funfun ló máa yọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé mẹ́sàn-án tí wọ́n rí. Mẹ́sàn-án sàn ju òdo lọ."

"Kò sàn," ni mo wí. "Bí wọ́n bá gé mẹ́sàn-án, àpá á bo ìyókù, a ò ní rí i mọ́ títí á fi wọ inú egungun ojú."

"Ẹ̀yin ẹ dákẹ́! Tí wọ́n bá so ọ̀já funfun mọ́ ọn, ṣé ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì í?"

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Màmá Àwẹ̀ró ò gbé ohùn sókè. "Ta ló ni ojú?"

A yíjú sí wọn. Orí wọn ṣì wà nínú irin, wọn ò lè wò wá, òrùlé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo ní ta ló ni ojú?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ládòkun. Bí o bá kọ ìpele kìíní sílẹ̀, ṣé nǹkan tó wà lójú mi á gbọ́, kó ní ó dáa, òun náà ti di kìíní?"

"Rárá, Màmá."

"Bí o bá kọ ìkẹta, ṣé á torí ìyẹn dàgbà sí i?"

"Rárá."

"Kí wá ni ẹ̀ ń bẹ̀rù? Nǹkan ojú mi ni, àbí ìwé yín?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Tú mi. Bá mi wá òróró àti òwú. Ara mi ni mo fẹ́ mọ̀. Ohun tí mo bá mọ̀, mo lè bá a jà. Èyí tó bá fara pamọ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn."

"Màmá, ẹ má ṣe é," ni Mopélọ́lá bẹ̀ wọ́n.

"Mopé, di aṣọ mú fún mi. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kẹ̀yìn."

A kẹ̀yìn. Àwọn tó wà lójú fèrèsé náà kẹ̀yìn, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ dídún òwú lára awọ ojú. Mo gbọ́ tí Màmá ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Ẹnikẹ́ni ò kú o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹnìkan kú." Mopélọ́lá ń sunkún bí ẹni pé ẹnìkan ti kú. Mo wo òjìji. Ó ti kọjá ìlàjì.

Nígbà tí mo yíjú padà, n kò lè tètè wo Màmá. Ojú wọn kéré, ó sì gbó, ó dà bí ojú ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ìpéǹpéjú òsì sì wà níbẹ̀ kedere, ó wú láti ẹ̀gbẹ́ imú títí dé igun kejì, ó pọ́n, ó ní ọ̀rá.

Mo tún di awọ mọ́ wọn lórí. Mo ní kí Awòfín wo etí pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ náà pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Mìlímítà mẹ́tàlélógún," ló wí níkẹyìn. "Ó ti la ìpéǹpéjú já. Kókó kan níwájú etí òsì. Kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sí nínú ẹ̀dọ̀. Ìpele kẹta. Obìnrin, ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin." Lẹ́yìn náà ni ọ̀já funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ahọ́n.

Mopélọ́lá kàn wò mí. Ìbá ti sàn kó gbá mi létí.

Ọ̀gá Ṣówándé já ọ̀já náà, ṣùgbọ́n wọn ò so ó. Wọ́n dì í mú. "Ọ̀nà kan wà," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ òfin kan tí kò sẹ́ni tó ń kà. Bí awọ̀npele bá gbà pé àbáyọrí tó wà lórí pátákó kò tọ́, ó lè fi òǹtẹ̀ rẹ̀ dúró fún aláìsàn. Wọ́n á fún aláìsàn náà ní abẹ ńlá lójú ẹsẹ̀. Awọ̀npele á sì fi òkè yìí sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kó má baà sí nítòsí láti yí ìwọ̀n èyíkéyìí tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí aláìsàn bá wà láàyè ní ọdún márùn-ún, awọ̀npele á padà, a ó sì tún pátákó kọ. Bí kò bá sí láàyè, kò gbọdọ̀ padà mọ́."

"Ẹ fi òǹtẹ̀ tiyín dúró, Ọ̀gá," ni Mopélọ́lá wí.

"Olórí ilé kò ní òǹtẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí jẹ olórí."

"Ta ló ti ṣe é rí?" ni mo bi wọ́n.

"Ẹnì kan."

"Ó padà?"

Wọ́n mi orí.

Mo wo pátákó. Ìpele kẹta, ọkùnrin tó ti kọjá àádọ́rin, abẹ ńlá: nínú ẹni mẹ́wàá, márùn-ún. Àwọn ọkùnrin nìkan la ti wọ̀n dáadáa, nítorí náà àbáyọrí tiwọn nìkan ni mo lè gbà gbọ́. Mo ti ka márùn-ún nínú mẹ́wàá fún àwọn ènìyàn láìmọye ìgbà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n kọ́ wa. N kò mọ̀ pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún ẹni tó bá jókòó sórí àga. Ìpele lè sọ fún ọ bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á ti ṣe. Kò lè sọ fún ọ ìhà ibi tí ìwọ fúnra rẹ wà nínú àwọn mẹ́wàá náà.

Ìlú kan ṣoṣo tí mo ní tẹ́lẹ̀, òkun ti gbé e. Òkè yìí ni ìkejì. Mo mọ ẹni tó ń yan àgbàdo ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo mọ ajá tó máa gbó mi àti èyí tí kò ní gbó mi. Mo ti ra pákó tí mo fẹ́ fi kan ilẹ̀kùn yàrá mi.

"Ládòkun," ni Màmá wí láti orí àga, "mi ò ní kí o bá mi ru ẹrù yìí o. Mo ti lo tèmi. Jẹ́ kí wọ́n so funfun náà mọ́ mi, ọwọ́ mi dúdú, á yẹ mí."

"Màmá, lọ́jọ́ tí mo kan ilẹ̀kùn yín, ṣé ẹ bi mí léèrè kí ẹ tó ṣí i?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Òjò fẹ́ rọ̀."

"Lónìí náà, ó fẹ́ rọ̀."

Mo yọ òǹtẹ̀ mi lọ́rùn. Mopélọ́lá bá mi di ọrùn ọwọ́ mú, kò sì wò mí lójú nígbà tó ń ṣe é. A jọ tẹ̀ ẹ́. Awòfín gbé òǹtẹ̀ náà mì, kò sì dá a padà.

Ọ̀gá Ṣówándé ti dìde. "Abẹ ńlá!" ni wọ́n ké sí inú Ilé Abẹ. "Ojú òsì, gbogbo ìpéǹpéjú, kí ẹ wo ẹ̀yìn ojú, kí ẹ yọ kókó etí! Ẹ yára, òjìji ku díẹ̀ kó kan ìlà!" Wọ́n wá yọrí sí àwọn tó tò síta. Mo rí i pé ó ṣòro fún wọn láti sọ ọ́. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ẹnikẹ́ni tó tún jókòó sórí àga yìí, òróró àti òwú wà lórí tábìlì. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ yín."

Màmá kọ̀ kí wọ́n gbé wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn wọlé, pẹ̀lú ojú òfìfo wọn, wọ́n ń di aṣọ wọn mú. Ní ẹnu ọ̀nà wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ládòkun, ẹja gbígbẹ wà nínú agbọ̀n lókè àdògán. Mú un dání, má jẹ́ kí Mopé sọ pé kò sí." Ilẹ̀kùn sì pa dé. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òjìji kan ìlà pupa. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà wọ́n fi dígí mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ yẹn, ìdajì òkè ò rí omi.

Mo wà ní ẹnubodè, ẹrù mi lórí èjìká, nígbà tí Mopélọ́lá sáré bá mi. Oòrùn ti pọ́n. Ó mú ẹja gbígbẹ náà dání.

"Wọ́n yọ ojú náà," ló wí. "Àìsàn náà ti fẹ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Kókó méjì ni wọ́n bá níwájú etí, àìsàn wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú ìkejì. Bèbè ibi tí wọ́n gé mọ́ yípo, kò ku àìsàn níbẹ̀." Ó ń sọ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ láti sọ ọ́, lẹ́yìn náà ó ki ẹja náà bọ̀ mí lọ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá, n kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni, àbí kí n bú yín."

"Ṣe méjèèjì."

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Olóríburúkú ni yín."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ní kí n máa lọ.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá ni Màmá Àwẹ̀ró lò lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìlú òtútù yìí ni lẹ́tà Mopélọ́lá ti bá mi. Màmá gun àkàbà ní oko dígí, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, láti fi han ọ̀dọ́mọbìnrin kan bí wọ́n ti ń nu dígí tí abàwọ́n kò fi ní kù lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, ìṣubú náà ló pa wọ́n. Àwọn dókítà wo gbogbo ara wọn fínnífínní lẹ́yìn náà, ojú, etí, ọrùn, ẹ̀dọ̀fóró. Wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan. Ṣùgbọ́n òfin kì í béèrè ohun tó pa ènìyàn, ọjọ́ ló ń kà, oṣù méjì ló sì kù. Ọ̀gá Ṣówándé gbé pátákó yẹn sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n rù ú lọ sí ìgbìmọ̀, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí ìgbìmọ̀ fi fún àwọn obìnrin ní abẹ ńlá bíi ti ọkùnrin. Tèmi nìkan ni wọn ò rí yanjú, n kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni Mopélọ́lá kọ ohun tí Màmá ti ní kó kọ sí mi tipẹ́, tí kò rí ẹni fi rán. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ojú kan ṣoṣo yìí tó àwọn. Pé ìwà tí àwọn aládùúgbò ń hù, bí ó bá jẹ́ ojú méjì ni àwọn fi ń rí i, àwọn ì bá ti bá wọn jà kú."

Mo kà á lórí ìdúró, ní ibi tí wọ́n ti ń pín lẹ́tà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.